Ọjọ́ Tí Mo Fojú Ara Mi Rí Ọkàn Mi

Yàrá ọmọbìnrin mi, nígbà tó wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, mi ò tíì gun àtẹ̀gùn náà dé ìdajì tí èémí mi fi ń já. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbé àpò gààrí tí mo gbé wá fún un lé itan.

"Màámi, ẹ ò ní padà sílé láì rí dókítà," ni ọmọ mi wí.

Mo ní ooru ló mú mi. Ó ti ń pe kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo sanra, ó sì wù mí bẹ́ẹ̀. Láti ilé wa ní Japara dé ilé-ìwé kò jìnnà, síbẹ̀ ọ̀kadà ni mò ń gùn lálọ-lábọ̀. Bí mo bá jáde, wọn a ní, "Ìgbádùn yín hàn lára o!" Inú mi a dùn.

Dókítà tí ọmọ mi mú mi lọ bá, obìnrin tí kò ju àbúrò mi kékeré lọ, wọn ìfúnpá mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó fi nǹkan tútù kan pa mí láyà, ó wá yí ojú ẹ̀rọ kan bíi tẹlifíṣọ̀n sí mi.

"Ẹ wo ọkàn yín, mà."

Ó ń ṣí, ó ń pa dé, bí ẹnu ẹja nínú omi. "Subhanallahi!" ló jáde lẹ́nu mi. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí mo sùn, bí mò ń jẹun, bí mò ń pariwo mọ́ ọmọ ilé-ìwé, kò sinmi rí, kò sì sẹ́ni tó ń rán an níṣẹ́. Mi ò kí i kú iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Omi bọ́ lójú mi.

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" ni ọmọ mi bèèrè.

"Rárá o. Ṣùgbọ́n ìfúnpá wọn ga, ara wọn sì wúwo, iṣẹ́ èèyàn méjì ló ń ṣe. Tí wọ́n bá bá a dín ẹrù náà kù nísinsìnyí, kò ní bàjẹ́."

Lọ́jọ́ Ajé, mo fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi rọra ń tẹ̀ lé mi.

"Ìyá, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"O ò ṣẹ̀ mí. Ọkàn mi ni mò ń ṣe lóore."

Mo dín ẹ̀bà kù, mo pa ẹlẹ́rìndòdò tì. Ìkọ́kọrẹ́ nìkan ni mi ò lè fi sílẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ṣùgbọ́n mo dín epo rẹ̀. Oògùn tí dókítà kọ fún mi, mi ò fo ọjọ́ kan. Nígbà tí ara mi ń fúyẹ́, aládùúgbò kan fa ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Alájì, ṣé kò sí? Ìyàwó yín ń gbẹ."

"Kò sí nǹkan kan," ni ọkọ mi wí. "Ó ń rìn ni."

Ọjọ́ Jímọ̀ kan báyìí, mo sún àga tí mo ti ń jókòó lé kírun láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo forí kanlẹ̀ lórí ẹní. Orúnkún mi gbà á. Nígbà tí a kírun tán, ọkọ mi na ọwọ́ sí mi láti fà mí dìde.

"Ẹ má ṣèyọnu," ni mo wí fún un. Mo sì dìde.