Àṣẹ Tí Kò Lórúkọ Nínú

Ọ̀gá mi fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn oníbàárà wa pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Iṣẹ́ tiwa náà nìyẹn, ní ọ́fíìsì kékeré wa ní àdúgbò Nyékonakpoè, nílùú tí wọ́n ti ń sọ Faransé: kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíì tọ̀sán-tòru, tó sì ń pe fóònù wa bí nǹkan bá bàjẹ́. Bí ọ̀kan bá sùn, àwọn méjì yòókù á gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Èmi ni mo ṣe irinṣẹ́ tí a fi ń darí wọn. Kò ní àwòrán kankan. Ojú dúdú lásán ni. O máa tẹ àṣẹ sí i, wàá sì fi orúkọ kọ̀ǹpútà tó ò ń bá wí tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n èmi ò ní sùúrù. Ó sú mi láti máa tẹ orúkọ mẹ́ta ní gbogbo ìgbà, mo bá ṣe é pé bí o kò bá ti dárúkọ kankan, gbogbo wọn lò ń bá wí. Mo tún wá ń fi yangàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, olórí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kan ní Tokoin Wuiti wá wo iṣẹ́ wa. Fíríìjì tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí là ń bá wọn ṣọ́. Ó ní wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún aboyún kan láàárọ̀ ọjọ́ kejì, irú ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Àpò méjì péré ló wà nílẹ̀.

Ọ̀gá fẹ́ fi hàn án pé bí aṣọ́nà kan bá sùn, iṣẹ́ kì í dúró. Ó jókòó láìwọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ "arrêter", ìyẹn "dúró", kò dárúkọ kọ̀ǹpútà kankan, ó sì fi ránṣẹ́. Èmi tí mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ ka èsì náà: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dúró.

"Vous voyez, Madame?" Ọ̀gá ní ṣé ó rí i, ó ń ṣàlàyé fún un pé ọ̀kan ti sùn, àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́ lọ. Gbogbo fóònù dákẹ́, obìnrin náà sì ń mi orí. Kò mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wo fíríìjì òun mọ́.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, ìjọ kan náà la sì ń lọ. A kì í sọ fún irú wọn níwájú àlejò pé wọ́n ṣì í ṣe. Mo wúkọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bá yín mú awò yín wá." Ó juwọ́ sí mi, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Inú ń bí mi sí i, inú sì ń bí mi sí ara mi. Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀bi mi ni. Irinṣẹ́ tí mo ṣe ti dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró. Ẹ jẹ́ n tún un ṣe."

Mo kàn fẹ́ fi bo àṣírí rẹ̀ ni. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi ni mo tó mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ.

Ó dìde fún mi. Mo jí àwọn kọ̀ǹpútà náà. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo fóònù orí tábìlì fi figbe ta: iná ti lọ ní Wuiti, ẹ̀rọ amúnáwá wọn kò sì tan. Nọ́ọ̀sì náà pe ibi iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n tan ẹ̀rọ amúnáwá. "Le groupe! Allumez le groupe!" A dúró tì í títí wọ́n fi tan ẹ̀rọ náà, tí wọ́n sì yẹ fíríìjì wò. Ẹ̀jẹ̀ náà ṣì tutù dáadáa. Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde láìdágbére.

Kí n tó lọ sílé lọ́jọ́ náà, mo yọ ọ̀nà àbùjá mi kúrò. Ní báyìí, bí o kò bá dárúkọ, irinṣẹ́ náà kò ní ṣe nǹkan kan, á kàn bi ọ́ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú wọn?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá tún gbàgbé orúkọ. Ìbéèrè náà jáde sí i. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á, ó sì yíjú sí mi.

"Ṣé o ò lè bi mí báyìí lọ́jọ́ yẹn ni?"