Télọ̀ Tó Fẹ́ Rán Gánà Pọ̀ Mọ́ Nàìjíríà

Ọlágòkè Ògúnlẹ́yẹ, télọ̀ ní Ìsọ̀kùn, Iléṣà, gbé Kùmásì ní Gánà fún ọdún mẹ́rìnlá kó tó padà wálé. Nígbà tí Gánà gba òmìnira lọ́dún 1957, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé òun ni wọ́n fi jẹ oyè. Ẹni tó bá gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ: kí Nàìjíríà tètè gba tirẹ̀, kí ó sì bá Gánà ṣe ìjọba kan, ọjà kan.

“Kòkó kan náà la jọ ń gbìn,” ni yóò wí.

Àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́dún yẹn náà ni Kwabẹ́nà, tíṣà ará Kùmásì, kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ fẹ́ Julianah, àkọ́bí Ọlágòkè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jọ dàgbà, Julianah sì ti gbà. Ni mọ̀lẹ́bí bá pé jọ, wọ́n sì pe èmi náà sí i. Phebe, ẹ̀gbọ́n Ọlágòkè, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ìwọ lo sọ fún wa pé ulé ùyá ló lọmọ ní Kùmásì. Níhìn-ín, ulé bàbá ni. Àwọn á ní tiwa ni, àwa á ní tiwọn ni. Ta ni yóò wá ni ọmọ Julianah? Níbo ni yóò ti jogún?”

Ẹ̀rù bà mí pé ọ̀rẹ́ mi yóò yẹ àdéhùn ẹnu rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìjọba rọrùn ní ṣọ́ọ̀bù ju inú ilé ẹni lọ.

Ọlágòkè dìde. “Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Àwa ni ulé ùyá tí wọ́n ń wí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń pín oko kòkó mi ní Ìwàrà, ẹ ka àwọn ọmọ Julianah mọ́ àwọn ọmọ Ògúnlẹ́yẹ.”

A ò gbọ́ irú rẹ̀ rí nílé wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fajú ro, kò sì wo ojú wọn. Mo ń fi ọ̀rọ̀ yẹn yangàn títí dòní.

Lọ́dún 1959, lẹ́yìn tí Julianah ti lọ sílé ọkọ ní Kùmásì, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ bàbá Kwabẹ́nà. Ọlágòkè kà á sókè fún gbogbo wa: “Ọmọ yín ọkùnrin ti dé.”

Ó mú gègé láti kọ ọ́ padà pé tiwọn náà ni. Phebe gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọmọ wa ni,” ó ní. “Kọ ọ́ sínú èsì rẹ kí wọ́n gbé e wá kí n rí i.”