Imú Ìyá Ìyàwó Mi

Bí ọyẹ́ bá ti dé, imú ìyá ìyàwó mi ni mo máa ń rántí. Bí wọ́n bá ń dín ẹyin ní Òṣogbo, ìyá á ti sín ní abúlé wa lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà!

Òkè ló yí abúlé wa ká. Lásìkò ọyẹ́, èéfín kì í rí ọ̀nà jáde. Orí kòkó tí a sá ló máa ń sùn. Kòkó tí òórùn èéfín bá sì ti mú, kò sẹ́ni tí yóò rà á. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun oko àfi bí ìyá, tí imú wọn kì í tàn wọ́n, bá da eérú sókè wo afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì ní ó yá.

Lọ́dún kan, ìṣáná ti wà lọ́wọ́ mi. Ìyá da eérú sókè, afẹ́fẹ́ kò gbé e, ó bọ́ padà sórí ẹsẹ̀ wọn.

“Àna mi, ẹ dúró.”

“Ìyá, igbó tí mo ṣán ti gbẹ o!”

“Ẹ jẹ́ kó tún gbẹ sí i. Ṣé kòkó la fẹ́ tà ni, àbí ẹja yíyan?”

Mo dúró. Nígbà tí ẹni tó ń ra kòkó dé, ó ki imú bọ àpò kòkó wa, ó rẹ́rìn-ín, ó kó gbogbo rẹ̀.

“Ta ló tọ́jú èyí?”

Gbogbo abúlé nawọ́ sí ìyá. Ìyá ní, “Ẹ bá mi mú ìborùn wá, kí n fi bo imú yìí, kí olè má baà gbé e lọ!”