Orúkọ Tí Mo Pè Létí Adágún

Nígbà tí ọkọ mi ní ká lọ fi ọdún Àjíǹde sùn nínú àgọ́ létí adágún Nike, mo bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara yín yá?" Ọdún 1966 ni. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá sí Enugu, a ò tíì pẹ́ tá a ṣègbéyàwó, owó ọkọ̀ tá a fẹ́ fi lọ ṣọdún nílé ò sì sí. Àwọn awọnlẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ ló yá a ní àgọ́. Èmi ọmọ onílé, kí n wá lọ máa gbénú aṣọ bí ẹni tí wọ́n lé jáde! Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn débi pé mi ò lè bà á jẹ́. Mo di gààrí, ẹja gbígbẹ àti ìkòkò kan, a wọ takisí, a sì fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Kí n má parọ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn. Kò sí ayálégbé tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ wa lára ògiri. Ọkọ mi ń dáná, èmi jókòó, mò ń pàṣẹ. Ta ni yóò rí wa?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó lọ ṣẹ́gi. Kò pẹ́ tí ojú ọ̀run ṣú, òjò dé tìjì tìjì, ó sì fa àgọ́ wa tu. Mi ò rí ju igi méjì lọ níwájú mi. Adágún ń ru, ọkọ mi ò sì mọ̀wẹ̀. Àyà mi já.

Mo figbe ta: "Ẹ gbọ́ o!" Bí mo ṣe máa ń pè é nìyẹn. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ìyàwó kì í la orúkọ mọ́ ọkọ lórí. Ọmọ ló ń gbani, èèyàn á kàn ní "Bàbá Lágbájá", àwa ò sì tíì bímọ. "Ẹ gbọ́ o! Ọkọ mi o!" Kò sí èsì. Èwo tiẹ̀ ni "ẹ gbọ́" nínú irú ìjì yìí? Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ni orúkọ rẹ̀ bá bọ́ lẹ́nu mi, èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Mo pè é, mo tún un pè, ọ̀fun mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

"Mo ń bọ̀! Má dákẹ́!"

Ohùn rẹ̀ ni! Ó ti ṣìnà, ó ń wọnú omi lọ, ó rò pé ọ̀nà ni, kó tó gbọ́ mi. Ó yọ sí mi, ó tutù rinrin, bàtà ẹsẹ̀ kan ti lọ. Mo dì mọ́ ọn, mo gbá a láyà, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín. Olúwa, o ṣeun! Ara mi wálẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Nígbà tí mo mí tán, ojú wá ń tì mí. "Ẹ má bínú, mo pe orúkọ yín."

Ó fọwọ́ nu òjò kúrò lójú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ní ọ́fíìsì, orúkọ bàbá mi ni wọ́n ń pè mí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti ìrìbọmi. Látìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó pe èyí mọ́." Òjò ṣì ń rọ̀ lé wa lórí. "Jọ̀ọ́, tún un pè."

Mo pè é jẹ́jẹ́.

"Mà," ló fi dá mi lóhùn.