Ọjọ́ Mẹ́jọ Lábẹ́ Fóòmù

Télọ̀ ni bàbá mi, ọmọ Ìlọrin tó ti ń rán bàbáríga fún àwọn ará àdúgbò Limawa lókè Ọya kí wọ́n tó bí mi. Ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, ó sì ti pa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kú. Lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ gún un lẹ́sẹ̀ nídìí máṣíìnì, kò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó rí nílẹ̀ ló sọ fún un. Bí egbò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Màmá mi ti kú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà nílùú òyìnbó. Èmi ni mo ń wẹ egbò náà láràárọ̀ kí n tó lọ síléèwé tí mo ti ń ṣe tíṣà. Báńdéèjì a máa lẹ̀ mọ́ ẹran ara rẹ̀. Màá fi omi iyọ̀ rẹ ẹ́, màá máa ṣí i díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tuntun á sì yọ. Kì í dùn ún. Òun kàn máa ń kọjú sí ògiri ni.

“Báwo ló ṣe rí lónìí?”

“Ó ń san, Bàbá.”

Òórùn egbò náà máa ń tẹ̀ lé mi dé kíláàsì.

Ẹ̀gbọ́n mi wá fi páálí kékeré kan rán ẹnì kan sí wa. Fóòmù tí wọ́n fi ń bo egbò ni wọ́n tò sínú rẹ̀, pelebe-pelebe, ó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Wọ́n fi fàdákà sí i láti pa kòkòrò inú egbò. Á máa fa ọyún mu, kò sì ní lẹ̀ mọ́ ara. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní àdúgbò Soje ló bá wa lẹ àkọ́kọ́.

“Sannu, Baba,” ó kí bàbá mi, ó wá yíjú sí mi. “Tíṣà, bí omi bá ti dé etí ẹ̀, ẹ ṣí i. Bẹ́ ẹ ò bá tiẹ̀ rí nǹkan kan, kó má kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Fóòmù ò ní kẹ́ ẹ má wo egbò o.”

“Mo ti gbọ́, Àǹtí.”

Ó ṣiṣẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, inú egbò náà pọ́n dáadáa, etí rẹ̀ sì ń sún mọ́ra.

Ìgbà ìdánwò dé. Ọjọ́ kẹta pé, mo rí omi létí fóòmù, mo ní ó di ọ̀la. Ìdánwò kọ́ ló fà á o. Mo ti gbádùn àárọ̀ tí mi ò fojú kan egbò yẹn. Lọ́jọ́ karùn-ún, bàbá mi bi mí pé, “Ṣé kò tíì tó ṣí ni?”

“Ó ku díẹ̀, Bàbá. Wọ́n ní ká fi sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́.”

“To, ó dáa. Alhamdulillahi.”

Lọ́jọ́ kẹjọ, mo ti iléèwé dé, mo bá a tó ń gbọ̀n lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì nínú ooru ọ̀sán. Mo ṣí fóòmù náà. Ó wúwo lọ́wọ́ mi. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì ti dúdú, ẹsẹ̀ sì ti wú dé ojúgun. Àwọn aládùúgbò bá mi gbé e wọ takisí, ó di ọsibítù.

Dókítà béèrè pé, “Ìgbà wo lẹ ṣí i kẹ́yìn?”

Kí n tó lanu, bàbá mi ti fèsì. “Èmi ni mo ní kó má ṣí i. Ó fẹ́ ṣí i, mo kọ̀.”

Kò wojú mi. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì jẹ́ kó kọ ọ́.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Nígbà tá a dé ilé, nọ́ọ̀sì yẹn ló ń wá pààrọ̀ fóòmù ojú ibi tí wọ́n gé fúnra rẹ̀. Kò ní kí n ṣe é mọ́. Bàbá mi lo ọdún méjì sí i kó tó kú, kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà rí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi bi mí lórí fóònù pé, “Ṣé fóòmù tí mo fi ránṣẹ́ yẹn ò ṣiṣẹ́ ni?”

Mo ní, “Kò ṣiṣẹ́ fún Bàbá, Bọ̀dá mi.”