Tíṣà Ní Kí N Kí Yín

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé òórùn búrẹ́dì ni mo fi ń ṣe lọ́fínńdà. Ó wọ aṣọ mi, ó wọ irun mi. Bí mo bá wọ mọ́tò láti Aṣeṣe padà sí Mowe nírọ̀lẹ́, ẹni tó bá jókòó tì mí á máa yọjú wo ẹsẹ̀ mi bóyá mo gbé nǹkan jíjẹ síbẹ̀. Etí márosẹ̀ ni mo ti ń ta búrẹ́dì fáwọn arìnrìn-àjò, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ jórinjórin ní Èkó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti ń jáde. Ìgbà tí a bá fi máa dé, ọmọbìnrin wa tó wà ní pírámárì tú ti jẹun, ó ti ń tòògbé. Èmi tí mo bí i, orí rẹ̀ tí mo máa ń fọwọ́ pa kí n tó jáde ni mo mọ̀ jù nínú ara rẹ̀.

Ìsẹ́yìn la ti wá. Yàrá kan la háyà lọ́dọ̀ obìnrin Ẹ̀gbá kan, opó àgbàlagbà tó ti ń dáko sí Mowe kí àwọn èrò Èkó tó ya wọ ibẹ̀ wá ra ilẹ̀. Ìyá onílé la ń pè wọ́n. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n fi ọmọ sílẹ̀ fáwọn. Àwọn ló ń lọ mú un níléèwé lọ́sàn-án, àwọn ló ń fún un lóúnjẹ, àwọn náà ló sì ń jókòó tì í bó bá ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Àwọn àgbà ní ojú mẹ́rin ní ń bímọ, igba ojú ní ń tọ́ ọ. Èmi ti rí ojú méjì tó dá mi lójú, mo bá fọkàn balẹ̀ tọ búrẹ́dì mi lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù. Àkọ́bí wa, ọkùnrin, ti fìdí rẹmi rí ní kíláàsì kejì, bàbá rẹ̀ sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ọkọ mi kì í ṣe ìkà. Àmọ́ iná jórinjórin ń jẹ ẹ́ lójú, ó sì máa ń sọ pé òun ò lè máa fọ́jú nítorí ọmọ tí kò kọbi ara sí ìwé. Nígbà tí a lọ ṣọdún nílé, mo gbọ́ tí ọmọ mi ń pe ìyá ọkọ mi ní màmá, ó wá ń pe èmi ní màmá Mowe. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì lọ sunkún ní balùwẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ọkọ mi bá ti wo ọmọbìnrin wa tó ní, "Ìwọ náà fìdí rẹmi wò, Ìsẹ́yìn lò ń lọ," àyà mi á já.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń béèrè lọ́wọ́ ìyá onílé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí n tó tiẹ̀ sọ gèlè sílẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ilé o. Ṣé ó ti ṣe asáínmẹ́ǹtì ẹ̀?"

"Ó ti ṣe é, ìyàwó. Ìṣojú mi ló ṣe é."

"Tíṣà ń kọ́?"

"Tíṣà ní kí n kí yín."

Inú mi á dùn. Mo rò ó pé tíṣà tó ń kí èèyàn tó báyìí, ó yẹ ká kí i padà. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrẹ́dì rán ìyá onílé sí i, èyí tó gùn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní ó dúpẹ́, ó ní kí àwọn kí mi. Mo wá ń yangàn láàárín àwọn tí a jọ ń tajà pé èmi àti tíṣà ọmọ mi, ọ̀rẹ́ ni wá, bẹ́ẹ̀ n kò rí i sójú rí.

Lọ́jọ́ kan, táńkà ṣubú dínà lápá Ìbàfò. Mọ́tò ò kọjá, búrẹ́dì ò tà, mo bá ní kí n tètè lọ mú ọmọ mi fúnra mi. Ìyá onílé ò tíì dé iléèwé nígbà tí mo débẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló jáde sí mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó béèrè ẹni tí mo wá mú. Mo sọ fún un. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ẹ̀yin rèé? Mọ́mì, búrẹ́dì yín la mọ̀, a ò mọ̀ yín."

Mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni, mo ti ń rẹ́rìn-ín. Àṣé òun gan-an ni tíṣà ọmọ mi, látìgbà tí táàmù sì ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń bẹ ìyá onílé pé kí wọ́n sọ fún mi kí n wá. Ọmọ mi ò mọ àyọkúrò rárá. "Gbogbo asáínmẹ́ǹtì tó ń mú wá, ó kàn ń kọ nọ́ńbà kún ojú ìwé ni. Mo ní kẹ́ ẹ wá, ẹ fi búrẹ́dì ránṣẹ́. Mo tún ránṣẹ́, búrẹ́dì tún dé. Mo rò pé ẹ fẹ́ fi dí mi lẹ́nu ni, mà. Ìdánwò ti dé tán báyìí. Mi ò rò pé ó máa yege." Ojú tì mí. Mo ní ẹ ṣeun, mo sì fa ọmọ mi lọ́wọ́ lọ sílé.

Ìyá onílé ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́ nígbà tí èmi àti ọmọ wọlé. Wọn ò kàwé rí láyé wọn. Lójú wọn, bí ilẹ̀ oko ni ojú ìwé ṣe rí: bí ebè bá ti kún un, iṣẹ́ parí. Ibi tó bá ṣófo, wọ́n á ní kí ọmọ tún kọ nǹkan sí i. Ìyẹn ò dùn mí. Iṣẹ́ tíṣà tí wọn ò jẹ́ fún mi ló dùn mí. Mo kúnlẹ̀, mo béèrè bóyá òótọ́ ni. Wọn ò jiyàn.

"Ìyàwó, ògiri ilé yìí ò nípọn. Mò ń gbọ́ ohun tí ọkọ ẹ ń sọ. Mo sì wà níbí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kó ẹrù ọmọkùnrin yẹn, èmi ni mo bẹ̀ ọ́ títí o fi jẹun. Wín rán mi níṣẹ́ ẹrú, mo fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ tó máa lé ọmọ kúrò nílé yìí, ẹnu tèmi kọ́ ló máa ti jáde."

"Màmá, ẹ bá sọ fún èmi nìkan."

"Ìwọ tí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ máa ń hàn lójú ẹ?"

Inú bí mi. Mo fẹ́ pariwo, àgbà ni wọ́n. Mo fẹ́ dúpẹ́, ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé dúpẹ́ sí. Mo kàn bá wọn bó ẹ̀gúsí, omi ń bọ́ lójú mi.

Kò sí ohun tí a lè rí ṣe kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ọmọ tún kíláàsì kejì ṣe. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìyá onílé fà mí sẹ́yìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní, "Jẹ́ kó jẹun ná." Mo ní rárá, fífi ọ̀rọ̀ pamọ́ ló bá wa débí. Mo gbé e fún un bẹ́ẹ̀ lórí ìdúró. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa báàgì yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ọmọ náà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo di apá rẹ̀ mú, ó rọra yọ ọwọ́ mi kúrò.

Ìyá onílé wọlé. Wọ́n fọwọ́ di ògiri mú, wọ́n sì kúnlẹ̀ níwájú ọkọ mi.

Ọkọ mi ju báàgì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde! Ẹ má ṣe báyìí fún mi!"

"Mi ò dìde. Èmi ni wín rán níṣẹ́, èmi ni mi ò jẹ́ ẹ. Tẹ́nì kan bá máa lọ sí Ìsẹ́yìn, èmi ni kó o di ẹrù fún, ọkọ mi."

Àgbà kúnlẹ̀, bàbá dọ̀bálẹ̀, ọmọ dúró láàárín wọn, kò mọ ẹni tí òun máa kí. Nígbà tó pẹ́, ọkọ mi sọ ọ́ lórí ilẹ̀ níbẹ̀ pé, "Kò lọ mọ́, màmá. Kò lọ mọ́."

Ó tún kíláàsì náà ṣe, ó sì sunkún gan-an nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gòkè fi í sílẹ̀. Èmi wá ń fi búrẹ́dì sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi kan ní Aṣeṣe lọ́jọ́ Ẹtì kó bá mi tà á, mo ń lọ bá tíṣà fúnra mi. Kì í gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi àfi tí mo bá ti jókòó wo iṣẹ́ ọmọ. Àkọ́bí mi ò padà wá gbé lọ́dọ̀ wa. Ó ti di bàbá ilé báyìí, ó máa ń kí mi dáadáa, bí èèyàn ṣe ń kí ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀. Mo ṣì ń bi ara mi bóyá kì bá tí lọ ká ní ẹnì kan bá wa kúnlẹ̀ nígbà tirẹ̀. Ìyá onílé ti lọ sinmi, ẹ̀yìn ilé yẹn la sin wọ́n sí. Títí wọ́n fi kú, n kò sọ fún wọn pé mo ti dárí jì wọ́n, n kò sì sọ pé mo dúpẹ́.

Ọmọbìnrin mi ti lọ́mọ báyìí, Òkè-Àrò ló ń gbé. Orí fóònù ni tíṣà ti ń bá òbí sọ̀rọ̀ láyé tiwọn. Láìpẹ́ yìí ni ọmọ mi pè mí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní tíṣà kọ ọ́ ránṣẹ́ pé ọmọ òun ò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá kankan lọ́sẹ̀ náà, bàbá ọmọ sì ti ń bọ̀ lọ́nà.

"Mọ́mì, kí ni kí n ṣe?"



"Jẹ́ kó jẹun ná," mo ní. "Àmọ́ kó tó fọwọ́ tán, sọ fún un."