Irin Ìdìmú Ìyá Àdìzátù

Gbogbo òkè Attécoubé ní Abidjan ló mọ Tidjani jórinjórin, kì í ṣe nítorí irin tó ń jó, bí kò ṣe nítorí ìyá tó ń pọ̀n. Láti ọdún méjì sẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Ìyá Àdìzátù lẹ́sẹ̀ òsì, gbogbo Jímọ́ọ̀ ni ọmọ rẹ̀ yìí ń gbé e pọ̀n sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn méjìlélógójì lọ sí mọ́sálásí. Àwọn èèyàn á dúró, wọ́n á máa ṣàdúrà fún un. Sìrájù tó ń ta èédú nísàlẹ̀ a máa sọ fún àwọn ọmọ tirẹ̀ pé, "Ẹ wo ọmọ." Tidjani á tẹrí ba bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ń gbọ́. Nígbà míì, á dẹ ẹsẹ̀ rìn bó bá dé ọ̀dọ̀ Sìrájù, kó lè gbọ́ ọ tán.

Lọ́jọ́ kan, Fadila wá sílé. Kiné ni, àwọn tó ń kọ́ ẹsẹ̀ tó rọ ní ìrìn padà. Abidjan ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó ní kí ìyá dìde, kó jókòó, kó tún dìde. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí dókítà kankan kò béèrè rí.

"Maman, tí ẹsẹ̀ yìí bá dáa sí i, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Kí n fi lọ sí mọ́sálásí."

"Ṣé Tonton, ọmọ yín yìí, kì í gbé yín lọ ni?"

"Ó ń gbé mi. Ẹrù ni wọ́n ń gbé."

Tidjani rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a rín in.

Fadila mú ìyá jáde, ó ní kó di èjìká òun mú. Ìyá sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn mẹ́fà, ó sinmi, ó gun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà. Òógùn bò ó, ṣùgbọ́n kò ṣubú.

"Vraiment, lóòótọ́ ni ẹsẹ̀ yìí ń ṣiṣẹ́," ni Fadila wí fún Tidjani. "Ohun tó ń dá wọn dúró kò sí lẹ́sẹ̀ mọ́. Àtẹ̀gùn yìí ni kò ní nǹkan tí wọ́n lè dì mú. Ẹ wá ẹni tó lè ṣe irin sí i."

Kò mọ iṣẹ́ tí Tidjani ń ṣe. Ìyá mọ̀ ọ́n, ó sì wo ọmọ rẹ̀. Ó ti bẹ̀ ẹ́ léṣìí, ó tún bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ààwẹ̀. Èsì Tidjani nígbà náà ni pé, "Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi irin ṣe nígbà tí mo wà láyé?" Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló ń jó irin àtẹ̀gùn fún ilé oúnjẹ kan ní Zone 4, àdúgbò àwọn olówó, fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì dá ṣáká.

Ojú ti Tidjani. "Èmi ni jórinjórin," ló sọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi parí ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré, lẹ́yìn ọdún méjì.

Nígbà tó di Jímọ́ọ̀, Ìyá Àdìzátù di irin mú, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tidjani wà lẹ́yìn rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí. Kò sẹ́ni tó ṣàdúrà fún un. Sìrájù gbójú sókè nídìí èédú rẹ̀.

"Tidjani, ó ti rẹ̀ ọ́ ni? O wá ń wo ìyá àgbà níran bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ rìn?"

Ó lè dákẹ́. Ó lè sọ pé kiné ló ní kí àwọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti dúró, ó ń mí, ó ń retí ohun tí yóò sọ.

"Ìyá ti ń bẹ̀ mí fún irin yìí láti èṣí," ni Tidjani wí. "Mi ò ṣe é. Ó wù mí kí ẹ máa rí mi."

Sìrájù dojú kọ èédú rẹ̀ padà. Ìyá tún ìborí rẹ̀ ṣe, ó sì di irin mú padà.

"Ó ku mọ́kànlá," ló wí. "Má sún mọ́ mi jù."